Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Má Lé Ẹni Tí Ìhùwàsí Rẹ̀ Ń Ṣàìsàn Kúrò Nílé-Ẹ̀kọ́

Gbogbo wa la mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní ìwọ nìkan ni ọ̀rẹ́ tí òun ní láyé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti bú ọ lójú gbogbo kíláàsì lórí WhatsApp nítorí pé o kò tètè fèsì. Lọ́jọ́rú, ó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má fi òun sílẹ̀. Nígbà tí ìrora ọkàn bá pọ̀ jù, ó máa ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, yóò sì wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú ooru kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Àwa ará họ́sítẹ̀lì ti ní orúkọ fún un: oníwàhálà, aláṣejù, ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń dà á láàmú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ, ìdájọ́ tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé kó máa lọ sílé. Kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní họ́sítẹ̀lì, kí àwọn òbí rẹ̀ wá mú un, kó padà wá nígbà tí orí rẹ̀ bá pé. A kọ ìwé yìí láti sọ pé ìdájọ́ yẹn kò tọ́. Kì í ṣe torí pé àánú ṣe wá nìkan la fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀ nípa ìtọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí à ń ṣe.

Kí ni àìsàn náà gan-an?

Òyìnbó ń pè é ní personality disorder. Àwa yóò máa pè é ní àìlera ìhùwàsí. A mọ̀ọ́mọ̀ má pè é ní àìlera ìwà, torí pé ìwà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́nu Yorùbá. A ní ìwà lẹwà. A ní ìwà ọmọ ní í sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá wá sọ pé ìwà ẹnì kan ń ṣàìsàn, ohun tí etí wa á gbọ́ ni pé èèyàn burúkú ni, ẹni tó ṣe é sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé àkójọ àìsàn tuntun wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: ó jẹ́ ìṣòro nínú bí ènìyàn ṣe ń rí ara rẹ̀ àti bó ṣe ń bá àwọn ẹlòmíràn gbé, tó ti wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó kéré tán ọdún méjì. Nítorí náà, ìbínú ọjọ́ kan kì í ṣe àìlera ìhùwàsí. Ìjà lórí owó iná pẹ̀lú ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá kì í ṣe é. Ìwé náà tún ní kí dókítà kọ́kọ́ wo bó ṣe le tó: ṣé ó fúyẹ́ ni, ṣé ó wà láàárín, àbí ó le gan-an?

Kí ló ń fà á? Kò sí ẹyọ ohun kan. Bí a ṣe bí ènìyàn wà níbẹ̀, torí pé ọkàn àwọn kan máa ń tètè gbóná ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ láti ìgbà ọmọdé. Ohun tí ojú ọmọ rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú: lílù, ìfìyàjẹni, ìbálòpọ̀ tipátipá, òbí tó wà lónìí tí kò sí lọ́la. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jìyà ní kékeré ló ń ní in, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló jìyà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó tó sì yàn án.

Ohun tí à ń ṣe, àti ohun tó ń bàjẹ́

Yorùbá ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. A máa ń fi fídíò ẹni tó ń pariwo ránṣẹ́ kiri títí ọjọ́ tó bá kan ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wa. Nígbà náà la ó wá máa sáré kiri. Àwọn kan á gbé e lọ sórí òkè àdúrà, níbi tí wọn á ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan á nà án kí ẹ̀mí náà lè jáde. Ẹ jọ̀ọ́, a kò bá àdúrà jà. Inú ilé àdúrà ni a ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà ní Èkìtì níbí, a sì mọ̀ pé ẹgbẹ́ akọrin máa ń di ọmọ tí ilé rẹ̀ ti tú mú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lílù ló fa ọgbẹ́ náà ní kékeré, lílù kò lè wò ó sàn nígbà tó bá dàgbà.

Ti ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kó máa lọ. Ẹ wo ìdí tí èyí fi burú jùlọ. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Mary Zanarini àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn McLean tẹ̀ lé àwọn ènìyàn 290 tó ní oríṣi àìlera ìhùwàsí tí wọ́n ń pè ní borderline, èyí tó jọ akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún 10, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2010. Àwọn tí àmì àìsàn náà lọ lára wọn fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó 93 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ tún un kà. Àìsàn tí à ń pè ní "bó ṣe rí nìyẹn, kò lè yí padà" ń lọ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n apá kejì èsì náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo àwọn tí àmì àìsàn lọ lára wọn, tí wọ́n sì tún níṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe dáadáa, tí wọ́n sì ní ẹni tí wọ́n sún mọ́, ìdajì péré ni wọ́n. Ìyẹn ni pé ìgbì ọkàn máa ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́, ìwé àti ọ̀rẹ́ ni kì í tètè padà bọ̀ sípò. Nígbà tí a bá wá lé ọmọ ọdún ogún kúrò nílé-ẹ̀kọ́, tí a yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun tó le jù láti rí gbà padà gan-an la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn ìlànà tó yẹ ká mọ̀

A ti ka ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kọ, a sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ìlànà wọn kò jìnnà sí ọgbọ́n ilé. A kó márùn-ún jọ síbí.

Èkíní: ẹ má tì í jáde nítorí àìsàn rẹ̀. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní kedere ní 2009 pé a kò gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú du ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ní orúkọ àìsàn yìí tàbí nítorí pé ó ṣe ara rẹ̀ léṣe. Wọ́n kọ ọ́ torí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ọ̀pọ̀ dókítà ti máa ń lé irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe àwa nìkan la ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì: ẹni kan náà, ní àkókò kan náà, fún ìgbà pípẹ́. Ìbẹ̀rù pé wọn á fi òun sílẹ̀ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ariwo tí à ń gbọ́. Bí agbaninímọ̀ràn bá ń yí padà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ní láti tún ìtàn rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún àlejò mìíràn, ìtọ́jú fúnra rẹ̀ á di ara àìsàn. Ọjọ́bọ̀ agogo mẹ́rin ni kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ agogo mẹ́rin, bí inú rẹ̀ dùn, bí inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta: ààlà pẹ̀lú ìfẹ́. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a fi òsì fà á mọ́ra. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ kò jìnnà sí èyí, àyàfi pé ẹgba kò sí nínú tiwọn. Ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe àti ohun tí ẹ kò lè ṣe, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ẹ sì dúró lé e lórí. "Mi ò lè gbé fóònù lẹ́yìn agogo mọ́kànlá òru, ṣùgbọ́n màá pè ọ́ ní agogo méje àárọ̀." Kí ẹ sì pè é ní agogo méje náà. Ìlérí tí a kò mú ṣẹ ń ṣe ìpalára ju ààlà tó le lọ.

Ẹ̀kẹrin: ẹ jọ ṣe ètò pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni àwọn àmì pé ìjì ń bọ̀? Kí ló ti ràn án lọ́wọ́ rí? Ta ni kí wọ́n pè? Ilé-ìwòsàn wo? Ètò tí àwa ẹlòmíràn bá ṣe fún un lẹ́yìn rẹ̀ kò ní bá a lára mu. Nípa oògùn, NICE kò gbà pé oògùn kan wà tí a lè fi wo borderline fúnra rẹ̀. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àìsàn ọpọlọ mìíràn bá wà pẹ̀lú rẹ̀, oògùn tiwọn wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ tó létò ni ìtọ́jú náà gan-an.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ múra fún ìgbà tí ẹ ó bá pínyà. Èyí ni a máa ń gbàgbé jù níbí. Sẹ̀mẹ́sítà á parí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì lè dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sì rántí pé ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba ìwé-ẹ̀rí, á lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí ìtọ́jú bá dópin lójijì lọ́jọ́ tí wọ́n ti géètì ilé-ẹ̀kọ́, a ti tún fi í sílẹ̀ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí wọ́n sì fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ṣé ó ṣeé ṣe ní Èkìtì?

Ìbéèrè tí ẹ ó bi wá nìyí, ó sì tọ́ kí ẹ bi wá. Àwọn dókítà ọpọlọ kò tó nǹkan ní Nàìjíríà, àwọn tó sì wà ń jápa lójoojúmọ́. Níbo la ti fẹ́ rí ẹni tí yóò máa bá akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan?

Ẹ gbọ́ èyí. Ìtọ́jú tó lókìkí jù fún borderline ni èyí tí Marsha Linehan dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní DBT. Ó gba ẹ̀kọ́ púpọ̀ àti owó púpọ̀. Ní 2009, Shelley McMain àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ní Kánádà gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n ti pín ènìyàn 180 sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gba DBT fún ọdún kan. Àwọn yòókù gba ìtọ́jú lásán tó létò: dókítà kan tó mọ àìsàn náà, tó ń rí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, tí kì í bínú, tí kì í sá. Ara ẹgbẹ́ méjèèjì yá síi, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Ohun tí àwa rí nínú èyí ni pé ètò àti ìdúróṣinṣin lágbára ju orúkọ ńlá lọ. Àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ ohun tí ènìyàn lè kọ́ níbí.

Ọ̀rọ̀ Linehan fúnra rẹ̀ tún ní ẹ̀kọ́ kan. Ní 2011 ló sọ ní gbangba pé òun náà ti jẹ́ aláìsàn nílé-ìwòsàn ọpọlọ ní ọmọ ọdún 17, tó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ọmọ tí à ń fẹ́ lé lọ lónìí lè di ẹni tí gbogbo ayé ń fi ìwé rẹ̀ kọ́ṣẹ́.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè nìkan la ti lè kọ́ ọ. Ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan tí ayé wá ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé-ìwòsàn, kí ìbátan kan sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbé láàárín ènìyàn. Lóòótọ́, àìsàn ọpọlọ mìíràn, tó tún le jù, ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Ṣùgbọ́n ìlànà náà bá ọ̀rọ̀ wa mu: a kì í yọ ènìyàn kúrò láwùjọ ká tó tọ́jú rẹ̀. Àwùjọ náà wà lára oògùn.

Àwọn tí wọ́n ṣe ní ibi ńkọ́?

Àwọn kan nínú wa sọ̀rọ̀ yìí nígbà tí à ń jíròrò, a kò sì fẹ́ fò ó. Àwọn kan tó ní àìlera ìhùwàsí máa ń lu èèyàn, máa ń parọ́ gba owó, máa ń halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Ṣé kí ẹni tí wọ́n lù máa gbé yàrá kan náà pẹ̀lú wọn nítorí ìdúróṣinṣin?

Rárá o. Orúkọ àìsàn kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí òfin kò mú. Ẹni tí wọ́n lù ní ẹ̀tọ́ sí yàrá mìíràn lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sùn. Ọ̀rẹ́ tó ti rẹ̀ lè sinmi. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe ilé-ìwòsàn fún ẹnì kan. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, kó má jẹ́ pé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ń rù ú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ẹni tó pa ẹlòmíràn lára sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó pa ara rẹ̀ lára. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ẹnì kejì yẹn ṣẹ̀ wá tí a fi gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí?

Òfin ilẹ̀ wa kò ràn wá lọ́wọ́ tó lórí èyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni abala 327 nínú Criminal Code ti sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ẹ̀rù irú òfin bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn ọ̀rẹ́ máa tọ́jú ọgbẹ́ nínú yàrá dípò kí wọ́n pe dókítà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe àwọn aláìsàn ní wèrè. Òfin tuntun náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ àti ọ̀wọ̀. Ó yẹ kí ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́ wa náà yí padà tẹ̀ lé e.

Ohun tí à ń bèèrè

Ojú ọ̀nà Adó sí Ìjàn nìkan, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀: Federal Polytechnic, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá àti ilé-ìwòsàn ńlá rẹ̀. EKSU wà lójú ọ̀nà Ìwòròkò. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti ìpínlẹ̀ wà nínú Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ní àyíká yìí, láti Adó títí dé Ìjàn. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ gbọ́dọ̀ rò pé Arò tàbí Yábàá nìkan ló kù.

Ohun mẹ́ta péré là ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Èkìtì. Ẹ yọ ṣíṣe ara ẹni léṣe kúrò lára àwọn ohun tí a ń torí rẹ̀ gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, kó di ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn. Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá wá ní agbaninímọ̀ràn kan ṣoṣo tí yóò máa rí i, títí kan àkókò ìsinmi àti ìdáṣẹ́sílẹ̀, kódà bó jẹ́ lórí fóònù. Kí ẹ sì kọ́ àwọn pọ́tà, àwọn olùkọ́ àti àwọn aṣojú kíláàsì ní ohun tí wọ́n lè sọ àti ibi tí wọ́n lè mú ènìyàn lọ. Ilé tuntun kọ́ là ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpinnu.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà ní tiwa. Kí a má máa fi fídíò ẹni tó ń sunkún ránṣẹ́ kiri. Kí a má máa fi ohun tí a kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ fún ẹnikẹ́ni pé "borderline ni ọ́". Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ó ń wu òun láti kú, má rò pé ariwo ló ń pa. Bi í léèrè ní tààrà, dúró tì í, pe àgbàlagbà kan, kí ẹ jọ lọ sí ilé-ìwòsàn.

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé gbogbo ayé á fi òun sílẹ̀ ń dán wa wò lójoojúmọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Nígbà gbogbo tí a bá lé e jáde, a ti sọ fún un pé òótọ́ ni.